Oorun Náà Wà Lára Eré Sísá

Àkànní, fa àpótí yẹn mọ́ra kí o jókòó. Gbé fóònù sílẹ̀. Aago ọwọ́ rẹ tó ń ka ìṣísẹ̀ náà, jẹ́ kó sinmi díẹ̀. Ọ̀rọ̀ eré Èkó yìí ni mo fẹ́ bá ọ sọ, mo sì fẹ́ sọ ọ́ tán lónìí, torí mi ò lè máa gbé e sùn lálaalẹ́.

Inú mi dùn sí ohun tí o fẹ́ ṣe. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn, torí mo mọ̀ pé tí mo bá bẹ̀rẹ̀, wàá ní Tántì ti tún dé. Láti ọjọ́ tí bàbá rẹ ti kó wa wá sí Boribana ní Abíjàn níbí, kò tíì sí ọmọ ilé wa kan tó ní òun fẹ́ fi ẹsẹ̀ òun sá kìlómítà 42 àti mítà 195 lẹ́ẹ̀kan náà. Orí rẹ á ṣe é. Ọmọ Ẹ̀jìgbò sì ni ọ́, ọ̀nà jíjìn kò ṣàjèjì sí wa. Àwọn bàbá wa ló sọ ọ̀nà Ẹ̀jìgbò sí Abíjàn di ojúlé, mọ́tò ń lọ, mọ́tò ń bọ̀ títí dòní, débi pé o lè ná ọjà ní Ẹ̀jìgbò kí o gbọ́ Faransé bí ẹni pé ọjà Adjamé ní Abíjàn lo wà.

Ṣùgbọ́n ta ló gbà ọ́ nímọ̀ràn pé kí o wọ bọ́ọ̀sì ní alẹ́ Ọjọ́rú, kí o sì sá maratọ́ọ̀nù ní àárọ̀ Sátidé?

Dá mi lóhùn. Ṣé o ti gbàgbé bí ọ̀nà yẹn ṣe rí ni? Láti Abíjàn dé Èkó, ó tó ẹgbẹ̀rún kìlómítà. Orílẹ̀-èdè márùn-ún ni, bodè mẹ́rin. Ẹ ó sọ̀kalẹ̀ ní Noé, ẹ ó fẹsẹ̀ kọjá sí Elubo, ẹ ó tò síwájú àwọn ará Gánà. Ẹ ó gba gbogbo etí òkun Gánà kọjá dé Aflao, ẹ ó tún sọ̀kalẹ̀ kí ẹ tó wọ Lomé. Tógò kò fẹ̀, kí ènìyàn tó tún pajú dé, wọ́n ti ní kí ẹ sọ̀kalẹ̀ ní Hillacondji. Kòtónù, Kraké, Sèmè. Ní Sèmè yẹn nìkan, ọjọ́ mìíràn wà tí ènìyàn máa dúró títí tí ẹsẹ̀ á fi wú. Lẹ́yìn náà ni súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Èkó fúnra rẹ̀. Bí gbogbo rẹ̀ bá lọ dáadáa, ọ̀sán Jimọ́ tàbí ìrọ̀lẹ́ rẹ̀ lo máa wọ Surulere, ọrùn rẹ á ti wọ́, ìdí rẹ á ti kú, wàá sì tún lọ sáré wá nọ́ńbà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ àyà, èyí tí wọ́n máa ń pín kí ọjọ́ eré tó pé. Ìgbà wo lo fẹ́ sùn?

Mo ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì pẹ́ kí n tó fẹ̀yìn tì, ohun tí ojú mi rí ni mò ń sọ fún ọ. Ẹni tó bá jókòó sójú kan fún wákàtí púpọ̀, ẹ̀jẹ̀ máa ń rọra ṣàn ní ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹsẹ̀ á wú. Nígbà mìíràn ẹ̀jẹ̀ á dì nínú iṣan ẹ̀jẹ̀, bí ẹ̀jẹ̀ dídì yẹn bá sì gbéra dé inú ẹ̀dọ̀fóró, ó lè pa ènìyàn. Mi ò sọ ọ́ kí ẹ̀rù lè bà ọ́. Mo sọ ọ́ torí mo mọ ìwà rẹ nínú bọ́ọ̀sì: o kì í mu omi, o ní o kò fẹ́ máa da awakọ̀ dúró. Ní gbogbo bodè, rìn. Bí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ bá jókòó lórí ẹrù, ìwọ dìde, máa na ẹsẹ̀, gbé gìgísẹ̀ sókè kí o sọ ọ́ kalẹ̀. Mu omi díẹ̀díẹ̀. Ilé ìtọ̀ ò ní tán lójú ọ̀nà.

Ọjọ́ Ajé ni kí o gbéra. Wàá dé Èkó ní Ọjọ́rú, ó pẹ́ tán Ọjọ́bọ̀ àárọ̀. Àbúrò mi tó wà ní Surulere ti ní yàrá kan ṣófo fún ọ, ilé rẹ̀ kò sì jìnnà sí pápá ìṣeré ńlá ibẹ̀ níbi tí eré ti ń bẹ̀rẹ̀. Wàá sùn, wàá jẹun, wàá sùn, wàá rìn yí ká àdúgbò díẹ̀, wàá tún sùn. Má bá mi sọ pé ṣọ́ọ̀bù rẹ ní Adjamé kò ní olùtọ́jú. Èmi á jókòó tì í.

Oorun yìí gan-an ni ẹjọ́ tí mo ní sí ọ. Gbogbo ohun tó kù tí mo fẹ́ sọ, ẹ̀ka rẹ̀ ni. O ń ka kìlómítà, o ń kọ ọ́ sínú ìwé, o ń fi hàn wá lórí fóònù. Wákàtí tí o fi sùn ńkọ́? Mo máa ń gbọ́ ilẹ̀kùn nígbà tí o bá ń jáde kí wọ́n tó pe ìrun àsùbáà. Mo tún máa ń gbọ́ ọ nígbà tí o bá ń wọlé láti Adjamé, tí agogo mọ́kànlá alẹ́ ti lù, tí o ti gbé ẹrù látàárọ̀, tí o ti dúró lórí ẹsẹ̀ látàárọ̀. Kí lo rò pé eré ń ṣe fún ẹsẹ̀? Tí ènìyàn bá sáré, ńṣe ni iṣan ẹsẹ̀ máa ń ya wẹ́wẹ́, àwọn ojú yíya kéékèèké tí ènìyàn kò lè fojú rí. Ìgbà tí o bá sùn ni ara ń rán an, ìgbà tó bá rán an ló máa ń le ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Bí o kò bá sùn, o kàn ń fà á ya lórí èyí tó ti ya ni. Ìdí nìyẹn tí orúnkún ọ̀tún fi ń dùn ọ́. Má rò pé n kò rí i bí o ṣe ń di ògiri mú nígbà tí o bá ń sọ̀kalẹ̀ níbi àtẹ̀gùn.

Eliud Kipchoge ará Kẹ́ńyà, tó sá maratọ́ọ̀nù Berlin lọ́dún 2022 ní wákàtí 2, ìṣẹ́jú 1 àti ìṣẹ́jú-àáyá 9, ó máa ń sùn lọ́sàn-án ní ibùdó wọn ní Kaptagat. Iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ẹni tí wọ́n ń sanwó fún kó sáré ka oorun kún iṣẹ́, ìwọ tí o ń sanwó kí o tó sáré wá kà á sí ọ̀lẹ.

O ti sọ fún mi nípa Abebe Bikila. O ti sọ ọ́ títí ó ti sú mi. O ní kò wọ bàtà, nítorí náà bàtà tí o rà lọ́wọ́ ọmọ tó ń pàtẹ lẹ́bàá ọ̀nà kò burú. Ó dára, jẹ́ kí a jọ sọ ọ́ dáadáa. Ọmọ ogun ni Bikila, ẹ̀ṣọ́ ọba Ethiopia. Ó ní olùkọ́, ará Sweden kan tí wọ́n ń pè ní Onni Niskanen, tó ń dá a lẹ́kọ̀ọ́ lórí òkè níbi tí afẹ́fẹ́ ti fúyẹ́. Ó ti ń fi ẹsẹ̀ lásán sáré tipẹ́, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ti le. Nígbà tó dé Róòmù lọ́dún 1960, bàtà tí wọ́n fún un kò bá ẹsẹ̀ rẹ̀ mu, ó sì ní kí òun lọ bí òun ṣe mọ̀ ọ́n ṣe. Ó gba wúrà ní wákàtí 2, ìṣẹ́jú 15 àti ìṣẹ́jú-àáyá 16. Kò sí ọmọ adúláwọ̀ ìsàlẹ̀ Sàhárà kankan tó gba wúrà Òlíńpíìkì fún ilẹ̀ Áfíríkà ṣáájú rẹ̀. Ohun tí ó mú kó borí ni pé kò dán ohun tuntun wò lọ́jọ́ náà. Ní Tokyo lọ́dún 1964, ó wọ bàtà, ó sì tún borí. Torí náà, bí o bá fẹ́ jọ Bikila, bàtà tí o ti fi sáré títí tó ti mọ ẹsẹ̀ rẹ ni kí o wọ̀ lọ sí Èkó. Fi èyí tó ṣì wà nínú páálí sílẹ̀ fún ayẹyẹ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tún máa ń sọ pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún un kó tó lọ sí Tokyo. Òótọ́ ni, wọ́n yọ ìfun àfikún rẹ̀ nígbà tí ó kù díẹ̀ lé ní oṣù kan kí eré yẹn pé. Àwọn dókítà wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìwọ, bí ibà bá mú ọ ní ọ̀sẹ̀ eré, tí ara rẹ gbóná, o ò ní sáré. Mi ò fẹ́ ariyànjiyàn lórí ìyẹn. Ọkàn tó ń bá ibà jà kò gbọ́dọ̀ tún máa bá ìrìn wákàtí márùn-ún jà. Lọ́dún tó ń bọ̀ wọ́n tún máa sá a. Láti ọjọ́ kẹfà oṣù Èrèlé ọdún 2016 tí wọ́n ti sá àkọ́kọ́ irú tòde òní yìí ní Èkó, ó ti di ohun ọdọọdún.

Níbo ni mo dé? Ẹsẹ̀ rẹ. O ní o fẹ́ sá kìlómítà 35 ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú eré, kí ọkàn rẹ lè balẹ̀. Gbọ́ mi, ọmọ mi. Ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta tó kẹ́yìn, ńṣe ni wọ́n máa ń dín in kù. Èyí tó gùn jù, kìlómítà 30 tàbí 32, ó yẹ kó ti kọjá ṣáájú ìgbà yẹn, lẹ́yìn náà ó ń kúrú, ó ń kúrú, títí tí ọ̀sẹ̀ eré á fi kàn jẹ́ ìsáré díẹ̀díẹ̀ tí kò ní mú ọ làágùn púpọ̀. Ara rẹ á máa ta ọ́. Wàá máa rò pé o ti ń gbàgbé eré sísá. Kò sí nǹkan kan tí o gbàgbé. Agbára tí o kò bá tíì ní ní ọ̀sẹ̀ yẹn, o kò lè rí i rà, ṣùgbọ́n o lè ná èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ dànù.

Níbi tí o ti ń sáré náà, mo ní nǹkan sọ. Mo mọ̀ pé Boribana kì í ṣe bó ṣe wà mọ́. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ afárá kẹrin tó so Yopougon mọ́ Plateau, wọ́n wó ilé púpọ̀ níbí, àwọn tí ẹ jọ ń sáré létí ọ̀sà ti fọ́n ká. Ó dùn mí fún ọ, torí kí ènìyàn máa dá sáré kò dára. Ṣùgbọ́n kí o máa sá láàárín àwọn mọ́tò akérò gbaka lójú títì ní òkùnkùn, kò tọ́. Àwọn awakọ̀ gbaka ò rí ọ, èrò ni wọ́n ń wá. Igbó Banco wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa níbí, ìjọba ti fi ṣe ọgbà igbó láti 1953, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ dára, ilẹ̀ rẹ̀ sì rọ̀ ju ọ̀dà lọ fún orúnkún. Lọ síbẹ̀ ní Ọjọ́ Àìkú pẹ̀lú ẹlòmíràn, kí ilẹ̀ ti mọ́. Kí o sì máa rìn láàárín eré. Bẹ́ẹ̀ ni, kí o rìn. Má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn. Jeff Galloway ará Amẹ́ríkà, tó sá eré ní Òlíńpíìkì 1972, òun ló kọ́ àìmọye ènìyàn lágbàáyé pé kí wọ́n sáré fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí wọ́n rìn díẹ̀, kí wọ́n tún sáré, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kì í ṣe ìgbà tó bá ti rẹ̀ ọ́ lo máa bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, láti àárọ̀ ni.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ tó wà ní Amẹ́ríkà ti fi fídíò ránṣẹ́ sí ọ, mo rí i. Àwọn tó ń sáré ní Disney World ní Florida, kìlómítà 5 ní Ọjọ́bọ̀, 10 ní Jimọ́, ìdajì maratọ́ọ̀nù ní Sátidé, odindi ní Ọjọ́ Àìkú. Láti 2014 ni wọ́n ti ń ṣe é. Ìyẹn ló wá gbé ọ sọ pé bí o bá sá ti Èkó tán ní Sátidé, wàá dúró ní Kòtónù ní Ọjọ́ Àìkú, kí ìwọ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ tún sá kìlómítà mẹ́wàá. Àkànní! Àwọn tó ń ṣe ti Amẹ́ríkà yẹn, oṣù púpọ̀ ni wọ́n fi ń kọ́ ẹsẹ̀ wọn láti sáré lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé ọjọ́, wọ́n sì fi èyí tó tóbi jù sí ìparí. Ìwọ fẹ́ fi èyí tó tóbi jù ṣáájú, kí o wá fi bọ́ọ̀sì sí àárín. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Sá ẹyọ kan ná.

Oúnjẹ. Níbi tí mo ti fẹ́ràn láti sọ̀rọ̀ nìyí. Ara wa máa ń tọ́jú ṣúgà pamọ́ sínú iṣan àti ẹ̀dọ̀, òun ni iná tí a fi ń sáré. Èyí tó wà níbẹ̀ máa ń fẹ́ tán ní nǹkan bíi kìlómítà 30. Ibẹ̀ ni àwọn alágbára ti máa ń jókòó sórí títì bí ọmọdé tí wọ́n gba àkàrà lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí náà, láti Ọjọ́bọ̀ ni kí o ti máa fi iyán, ìrẹsì, iṣu àti attiéké kún inú, kí ẹran àti ọ̀rá dín kù. Attiéké lásán pẹ̀lú ẹja tí a yan dára. Garba kọ́! Mo mọ̀ pé o fẹ́ràn rẹ̀, ẹja tí wọ́n dín nínú òróró tí wọ́n ti ń lò láti àárọ̀, pẹ̀lú ata tútù tó ń ta. Kò sí ẹ̀wà ní Jimọ́, kò sí ọbẹ̀ tuntun tí o kò jẹ rí. Àbúrò mi á fẹ́ ṣàlejò, á fẹ́ se oríṣiríṣi. Sọ fún un pé Tántì rẹ ló ní kò gbọ́dọ̀ sè é. Ní àárọ̀ eré, ẹ̀kọ mímu tàbí búrẹ́dì àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, kó tó wákàtí méjì sí mẹ́ta kí eré bẹ̀rẹ̀. Lójú ọ̀nà, máa jẹ nǹkan dídùn díẹ̀díẹ̀ láti wákàtí àkọ́kọ́, má dúró kí ebi tó pa ọ́. Ọ̀gẹ̀dẹ̀, dàbínù, ohun tí o ti dán wò nínú igbó Banco.

Omi náà ní ẹjọ́. Gbogbo ènìyàn ló ń pariwo pé kí o mu omi, kò sí ẹni tó ń sọ pé ó lè pọ̀ jù. Ní maratọ́ọ̀nù Boston ọdún 2002, obìnrin kan kú torí omi tó pọ̀ jù nínú ara rẹ̀ ti mú kí iyọ̀ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ sílẹ̀ jù. Àwọn dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn 488 tó sá eré ọdún náà wò, wọ́n rí i pé ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún ni iyọ̀ ẹ̀jẹ̀ wọn ti lọ sílẹ̀ jù. Àwọn tó ń rọra sáré bíi tìrẹ ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù, torí wọ́n ní àkókò láti mu ní gbogbo ibi tí wọ́n bá ti na ife sí wọn. Mu bí òùngbẹ bá ṣe ń gbẹ ọ́. Má fi ẹ̀rù mu ún. Jẹ iyọ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Bí orí bá ń fọ́ ọ, tí èébì ń gbé ọ, tí ìka ọwọ́ rẹ ti wú, dúró, kí o pe àwọn olùtọ́jú. Oògùn ìrora tí ẹ máa ń gbé mì kí ẹ tó sáré, ibuprofen àti àwọn ará ilé rẹ̀, jù ú nù. Kíndìnrín tí òòrùn ti ń yọ lẹ́nu kò fẹ́ ọ̀tá kejì.

Òrí wà nínú ike lórí pẹpẹ mi. Mú un. Fi pa abẹ́ apá, itan, ọmú, àárín ìka ẹsẹ̀. Ọkùnrin tí ọmú rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀ mọ́ ẹ̀wù funfun kò wuyì nínú fọ́tò, ó sì máa ń ta gan-an. Gé èékánná ẹsẹ̀ rẹ ní ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú.

Lọ́jọ́ náà, òòrùn ni kí o bẹ̀rù jù. Oṣù Èrèlé ní Èkó, ooru máa ń mú, afẹ́fẹ́ sì wúwo. Àwọn ará Kẹ́ńyà àti Ethiopia á ti wẹ̀ tán kí òòrùn tó gòkè, ìwọ lo máa wà nínú rẹ̀. Afárá Third Mainland tó gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 11.8 kò ní igi kankan, ọ̀sà ló wà lọ́tùn-ún, ọ̀sà ló wà lósì. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n bá yìnbọn ní Surulere, tí ìlù bá ń dún, tí gbogbo ọmọ Èkó bá ń sá lọ bí ẹni tí wọ́n ń lé, ìwọ jẹ́ kí wọ́n lọ. Sá ìdajì àkọ́kọ́ débi pé ojú á tì ọ́. Bọ́ sí ibi tó ní òjìji bí ó bá wà. Da omi sí orí, kì í ṣe sí inú nìkan. Wàá bá ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó sáré kọjá lára rẹ níbi tí wọ́n ti ń rìn lọ sí Eko Atlantic tí eré ti ń parí. Kí wọn kí o kọjá.

Mi ò bìkítà wákàtí tó máa gbà ọ́. Mo fẹ́ kí o dé, kí ẹsẹ̀ rẹ gbé ọ padà sínú ilé yìí láìsí pé wọ́n gbé ọ sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò.

Lọ́la, kí o tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, lọ sí ibùdókọ̀ kí o pààrọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì yẹn. Ohun tó bá lé lórí owó, èmi ni màá san án. Fi káàdì àbẹ́rẹ́ ibà pọ́njú sínú ìwé ìrìnnà rẹ, má kó wọn sínú àpò ẹrù tí wọ́n máa jù sí abẹ́ mọ́tò. Bẹ̀rẹ̀ láti alẹ́ òní, agogo mẹ́sàn-án ni kí ilẹ̀kùn yàrá rẹ tì. Tí o bá ti kọjá Sèmè, pè mí, kò sí bí ilẹ̀ ṣe lè ṣú tó. Ọjọ́ Ajé ni bọ́ọ̀sì rẹ máa kúrò ní Abíjàn, Àkànní, kì í ṣe Ọjọ́rú.